Míkírò tí Bàámi Yàn

Òórùn eruku tó ń gbóná nínú rédíò ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Lomé lábẹ́ àwọn Faransé yóò mọ òórùn náà. Bí wọ́n bá tan rédíò àtijọ́, àwọn gílóòbù inú rẹ̀ a máa pọ́n díẹ̀díẹ̀, eruku ara wọn a sì máa jó. Òjò ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni nígbà tí Bàámi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fofó Koku, lẹ́yìn ọjà ńlá. Fofó ni àwọn Mina ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Bàámi ń pè é. Ó ń tún rédíò ṣe. Míkírò, ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí kí ohùn lè ròkè, ni a wá yàn.

Armónìkà ni Bàámi ń fọn, fèrè onírin pẹlẹbẹ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Atukọ̀ dúdú kan tó wá láti Amẹ́ríkà ló kọ́ ọ nígbà tó ń ru ẹrù ní wáàfù etí òkun, orin tó sì kọ́ ọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní blúùsì, orin tó ń falẹ̀ bí ẹni tó ń ráhùn fún ara rẹ̀. Eruku sìmẹ́ńtì wáàfù náà ló ba àyà Bàámi jẹ́. Nígbà tí ikọ́ kò jẹ́ kó lè gbé àpò mọ́, wọ́n dá a dúró. Ẹgbẹ́ olórin ilé ijó kan ní àdúgbò Bè nìkan ló kù fún un. Ẹni tó ni ilé ijó náà, tí gbogbo wa ń pè ní Pátírọ́ọ̀nù, sọ fún un níṣojú mi pé:

"Sàlámì, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tó ń wú, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ ọdún àwọn Faransé, mo ti rí ẹni tó ń tẹ akọ́díọ̀nù."

Àwọn ọmọ wa lónìí rò pé míkírò kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fọn armónìkà bí Bàámi ti ń fọn ọ́n kì í dúró níwájú míkírò bí oníwàásù. Ó ń di míkírò àti fèrè mú pọ̀ ni, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì a bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹni tó mú ẹyẹ, kí èémí má bàa rí ibi sá gbà. Nítorí náà, bí míkírò ṣe wúwo àti bí ó ṣe bá ọwọ́ mu ṣe pàtàkì bí ohùn rẹ̀.

Fofó Koku gbé méjì sórí tábìlì, ó sì so wọ́n mọ́ rédíò kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní gùn, irin ni, ó sì wúwo. Ohùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èémí púpọ̀ ló ń fẹ́, apá Bàámi sì ti ń gbọ̀n kí orin tó parí. Èkejì rí bí ààbọ̀ ọsàn, kò sì wúwo rárá. Bàámi rọra fẹ́ èémí díẹ̀ sí i, ohùn kan tó nípọn, tó há díẹ̀, sì jáde látinú rédíò, ó kún ṣọ́ọ̀bù náà títí dé ìta. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ata kọjá dúró gbọ́. Bàámi fọn ọ́n títí dé òpin, kò wúkọ́.

"Èyí ni," ni ó wí.

"Mo mọ̀," ni Fofó Koku dáhùn. "Ọ̀lẹ ni ọ́, o fẹ́ míkírò tó máa bá ọ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Sàlámì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí iyọ̀. Omi ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, iná ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn."

Bàámi fi aṣọ wé e, ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí rẹ̀.

Ìyá mi kò sí níbẹ̀. Nílé wa, nígbà òjò, agbọ̀n kan wà tó so rọ̀ lókè iná ìdáná. Ohunkóhun tí ìyá mi kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, inú rẹ̀ ló ń lọ: egúsí, oògùn, bàtà Bàámi, ìwé mi. "Ẹ gbé e sókè iná" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwé kíkà Faransé mi ń rùn bí ẹja gbígbẹ, ọ̀gá wa a sì máa yínmú bí ó bá ṣí i.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, òjò ńlá rọ̀, òrùlé sì jò sórí àpótí Bàámi. Òun àti èmi kò sí nílé. Ìyá mi yọ míkírò náà, ó rí i pé aṣọ tí a fi wé e ti rin, ó gbé e sínú agbọ̀n, ó sì kó igi sí iná. Nígbà tí a dé, ó ti fi gèlè rẹ̀ tó dára jù wé e.

"Bàbá Sàfú, mo gba nǹkan yín lọ́wọ́ omi o. Ó ti gbẹ dáadáa."

Bàámi wò ó. Ó ní, "O ṣeun," ó sì mú mi jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fofó Koku.

Fofó Koku gbé míkírò náà sí imú. "Ẹja ni ẹ fi èyí sè?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó tú u. Ohun tó dà bí iyọ̀ náà ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ara irin bí ṣúgà tó jóná. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì yá Bàámi ní èyí tó wúwo.

Ọ̀sán ni ijó ọdún náà. Àwa ọmọdé dúró lẹ́yìn ọgbà imọ̀ àgbọn, a ń yọjú. Orin kìíní lọ dáadáa. Nínú èkejì, apá Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì ń fẹ́ èémí tí kò ní. Ikọ́ gbé e, míkírò náà sì wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ilé ijó gbọ́ ikọ́ Bàámi látinú ẹ̀rọ, ó ń ró bí ẹni tó ń la igi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n kàn ń wò ó. Pátírọ́ọ̀nù nawọ́ sí ẹni tó ni akọ́díọ̀nù.

Nílé, ìyá mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Koku ló ta ohun tó ti bàjẹ́ fún mi," ni Bàámi wí.

Mo la ẹnu. Wọ́n ń kọ́ wa nílé-ìwé pé ẹni tó mọ òtítọ́ tó dákẹ́ kò yàtọ̀ sí onírọ́. Bàámi gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Fofó Koku wá kí wa. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò tiẹ̀ láàánú. Ẹni tí ikọ́ ń bá jà, òun lẹ rí ta òkú nǹkan fún?"

Ọkùnrin náà wo Bàámi. Bàámi ń wo ilẹ̀. Ó wo èmi náà. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dadá," ni ó wí, bí àwọn Mina ti ń fi ọ̀wọ̀ pe obìnrin, "ẹ má bínú sí mi."

Bàámi kú nígbà ọyẹ́. Fofó Koku wá síbi ìsìnkú, ó dúró lójú títì, ìyá mi kò sì jẹ́ kó wọlé.

Mo di tíṣà. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, bó ṣe rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá mi darúgbó lọ́dọ̀ mi, ní ọ̀nà Kpogan. Ní ọ̀sán kan, nígbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ dìde mọ́, ó béèrè bóyá ọkùnrin Mina tó pa bàbá mi ṣì wà láyé.

"Ó ti kú, Màámi."

"Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí."

"Ó bẹ̀ yín, Màámi. Mo wà níbẹ̀."

"Mi ò gbọ́," ni ó wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà tí Bàámi fi ọwọ́ tẹ èjìká mi ìbá ti rò ó fún Màámi pátá, agbọ̀n, iná àti gèlè. Èmi tí mo ti dàgbà ju Bàámi lọ fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ìyá mi, mo sì béèrè bóyá ó máa mu ẹ̀kọ.