Ìròyìn Méjì, Kẹ̀kẹ́ Kan

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn yíǹkì tó dàpọ̀ mọ́ ti kẹrosíìnì, ojú mi a sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn ṣe máa ń rùn nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ní Chanchaga, lẹ́bàá Minna. Láti ìsàlẹ̀, ìhà gúúsù, ló ti ń bọ̀, ọkọ̀ ẹrù ló ń gbé e, àárín garawa kẹrosíìnì ni awakọ̀ sì máa ń kì í bọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Kó tó dé Minna, ohun tí wọ́n pè ní àná nínú rẹ̀ ti di ìjẹta. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tó bá dé, bàbá mi a wẹ̀, a wọ bùbá tó mọ́, a jókòó sórí àpótí bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá láti ìlú rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, Onítẹ̀bọmi ni wá. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà ní ọjà àárín ìlú: táyà, ṣéènì, ìjókòó, agogo. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń dí wa lọ́nà báyìí. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gan-an kò ní agogo. Bó bá ti so ọ̀kan mọ́ ọn, oníbàárà kan á dé tí yóò fẹ́ irú rẹ̀, bàbá mi á sì tú u tà. Ẹnu ló fi ń lé ènìyàn lọ́nà: "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!" Gbogbo Chanchaga ló mọ ohùn rẹ̀.

Ẹni tí a jọ ń gbé agboolé ni Àáfà, ará Ìlọrin, tí wọ́n kà mọ́ Àríwá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lábẹ́ igi máńgòrò. Kànga kan ni a jọ ń fà, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràmátù, àti ìyá mi sì jọ ń dáná sí ẹ̀yìn ilé kan náà. Ràmátù ọmọ wọn ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá mi ló ni ìwé ìròyìn, Àáfà ló ni rédíò.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásàrí, àwọn méjèèjì á jókòó sí ìloro. Bàbá mi á ka ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú ikùn, á sì túmọ̀ rẹ̀ fún agboolé. Àáfà á gbọ́ rédíò lédè Hausa, òun náà á túmọ̀ tirẹ̀, nítorí Hausa tí ìyá mi gbọ́ kò ju "nawa ne" àti "ba ragi" tí wọ́n fi ń nájà lọ. Àmọ́ àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Minna, Hausa yọ̀ lẹ́nu wa ju Yorùbá lọ. Nítorí náà mò ń gbọ́ ohun tí rédíò wí, mo sì ń gbọ́ ohun tí Àáfà ní ó wí. Wọn kì í bára mu tán. Bí rédíò bá ní gómìnà gbẹ́ kànga fún abúlé kan, Àáfà á ní gómìnà ti fún tolórí-tẹlẹ́mù lómi. Nígbà tí ilé ìwé sì ti là mí lójú sí Gẹ̀ẹ́sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìwé láti ẹ̀yìn bàbá mi. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn ọmọ kan hó lé olóṣèlú tí bàbá mi fẹ́ràn lórí, bàbá mi á ní, "Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ pa ọkùnrin náà!"

Wọn kì í purọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Olúkúlùkù ló sì ń mú iyọ̀ tirẹ̀ wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú tó wù ú.

"Ìjọba ló ni rédíò yín, Àáfà," ni bàbá mi máa ń wí. "Ṣé ó máa bú ẹni tó bí i ni?"

"Haba, Bàbá Débórà! Ẹni tó ni ìwé tiyín ńkọ́? Òun náà ń du ipò. Ẹ wá ní kó má yin ara rẹ̀?"

Wọn á rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gbóná, ìyá mi á sọ láti ìdí ààrò pé, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Oúnjẹ ti tútù o." Ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Àfi ọdún tí ìdìbò kan le. Wọ́n dìbò tán, ara ìlú kò rọlẹ̀, oníkálùkù fìdí mọ́lé. Ibà dá bàbá mi gúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní títì láti ṣáájú ìdìbò, pẹ̀lú ọjà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú rẹ̀. Òwúrọ̀ kan ni awakọ̀ ju ìwé ìròyìn sílẹ̀. Bàbá mi wo ojú ìwé àkọ́kọ́, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Wọ́n ti dáná sun ọjà Minna," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù àwa ará ìsàlẹ̀ ni wọ́n sun."

Àáfà sáré dé, rédíò lábíyá. "Irọ́ ni! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni. Lafiya lau, nǹkankan ò ṣe ìlú."

"Rédíò ìjọba! Ṣé kí n jókòó dìgbà tí wọ́n bá wá sun ilé mọ́ mi lórí ni?"

"Ta ni 'wọ́n', Bàbá Débórà?" Ohùn Àáfà rọlẹ̀. "Ṣé èmi náà wà nínú 'wọ́n' ọ̀hún?"

Bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ní kí ìyá mi di ẹrù, pé à ń lọ sílé. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pè nílé. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo dé ibẹ̀ rí, ṣe ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi Yorùbá mi ṣẹ̀rín. Ilé tèmi ni kànga yẹn, àti igi máńgòrò yẹn, àti Ràmátù tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa láìlè wọlé, tó ń wo ìyá mi bó ṣe ń kó abọ́ sínú àpò.

Ìyá Ràmátù ló wọlé. Ó jókòó lórí ẹrù kan tí ìyá mi ti dì.

"Ìyá Débórà, ṣé o fi ojú ara rẹ rí i nínú ìwé náà?"

"Ọkọ mi ló kà á."

"Ọkọ tèmi náà ló gbọ́ tiwa. Àwọn ọkùnrin méjì yìí náà ni a fẹ́ torí wọn di ẹrù?"

Ìyá mi dúró. Ó pè mí. "Débórà, gba ìwé yìí. Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Má fi iyọ̀ sí i, má sì yọ iyọ̀ kúrò."

"Ọmọdé ni yóò wá kọ́ mi níwèé?" ni bàbá mi wí láti orí ẹní.

"Kò kọ́ yín, bàbá wa. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ka tirẹ̀," ni ìyá mi fèsì.

Mo kà á. Àkọlé rẹ̀ tóbi gìrìwò: iná ń jó ọjà Minna. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà kéékèèké: arìnrìn-àjò kan tí wọn kò dárúkọ sọ pé òun rí èéfín lápá ọjà nígbà tí ọkọ̀ òun ń kọjá lọ, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ìsàlẹ̀ lè wà lára ohun tó jóná.

"Ibo ni wọ́n ti ní àwa ni wọ́n sun?" ni ìyá mi béèrè.

Bàbá mi gba ìwé, ó wò ó títí. "Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù."

"Èmi náà ń bẹ̀rù," ni ìyá mi fèsì, "ṣùgbọ́n n ò tíì jóná."

Ó kan rédíò. Nígbà tí ìròyìn ọ̀sán bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ràmátù ní kí ọkọ òun fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ni mo túmọ̀. Wọ́n ní ìlú tòrò. Wọ́n kí gómìnà, wọ́n tún un kí. Àwọn ìjòyè kí i. Ó pẹ́, ó pẹ́, ó kù díẹ̀ kí wọ́n bọ́ sórí bọ́ọ̀lù, ni wọ́n wá sọ ọ́ wéré pé àwọn panápaná ti pa iná kan tó ṣẹ́ yọ ní ìkangun ọjà níjẹta. Wọn kò sọ ohun tó fà á, wọn kò sọ ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná.

Gbogbo wa wo Àáfà. Ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"N kì í dé ibẹ̀ yẹn," ó ní. "Bí wọ́n bá ti kí gómìnà tán ni mo máa ń pa á. Bátìrì wọ́n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé iná jó, ìyẹn ti hàn wàyí. Ṣé ti ṣọ́ọ̀bù wa ni? Ìwé kò mọ̀, rédíò kò sọ. Bàbá mi rọra dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ síbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àáfà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

"Ó di ibo?"

"Ọjà. Ìròyìn ò tó àfojúbà."

"Pẹ̀lú ibà yìí?"

"Àbí kí n rán rédíò yín lọ ni?"

Àáfà ká agbádá rẹ̀, ó so ó mọ́dìí, ó gun iwájú kẹ̀kẹ́. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń lé ará ìsàlẹ̀, ẹ ní ìránṣẹ́ mi ni yín."

"Èmi? Ìránṣẹ́ yín?"

"To, èmi ni ìránṣẹ́ yín nígbà náà. Ẹ ṣáà jókòó, ọ̀gá mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ, ẹni tí kò gba ìwé gbọ́ ń wa ẹni tí kò gba rédíò gbọ́, bàbá mi sì di Àáfà níkùn mú kó má baà ṣubú.

Èmi àti Ràmátù jókòó sétí títì. Oòrùn rọ̀. Ìyá mi jókòó sórí ẹrù, kò dì í mọ́, kò sì tú u. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko kọjá, ìyá mi ò kí wọn, ẹni tí kò lè rí èèyàn kó má kí i. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ láti ọ̀nà ọjà: kirin-kirin, kirin-kirin.

"Kì í ṣe tiwa," ni mo wí. "Tiwa ò ní agogo."

Ìgbà tí wọ́n yọ ní kọ́nà, Àáfà ló ń wa kẹ̀kẹ́, òógùn bò ó. Bàbá mi na ọwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ agogo tuntun kan tó ń kọ mànà, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun ìṣeré.

"Níbo ló ti rí agogo?" ni ìyá mi béèrè. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n: ṣọ́ọ̀bù wa ṣì wà. Ó mí kanlẹ̀, irú èémí tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì fi eyín tú okùn ẹrù.

Kóòsé, àkàrà àwọn Hausa, ni obìnrin kan ń dín lọ́jà tí epo fi gbaná, tí iná mú ọgbà zana tí wọ́n fi ẹní koríko ṣe. Ẹja obìnrin Nupe kan jóná, ẹní tí ará Ìlọrin kan ń tà jóná, ìsọ̀ ará Ọ̀yọ́ kan nínú ìjọ wa jóná. Iná kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìlú rẹ̀.

"Ìwé wa sọ òótọ́ díẹ̀," ni bàbá mi wí bó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Rédíò wa náà."

"Díẹ̀."

Àáfà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá Débórà wúwo ju bó ti yẹ kí aláìsàn wúwo lọ.

Ẹ má rò pé wọ́n yí padà o. Wọ́n ń fi iyọ̀ sí i títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń ka ìwé, Àáfà sì ń jẹ́ kí rédíò sọ̀rọ̀ dé orí bọ́ọ̀lù. Agogo náà kò kúrò lára kẹ̀kẹ́ mọ́, bó ti wù kí oníbàárà bẹ̀ ẹ́ tó.

Tayi Village, ní Minna níbí, ni mò ń gbé báyìí, mo ti darúgbó. Nígbà ìdìbò tó kọjá, ọmọ mi pè mí láti Ìbàdàn, àyà rẹ̀ ń já. "Màmá, ẹ má jáde o! Minna ti gbóná. Tẹlifíṣọ̀n ń bò ó ni, orí fóònù ni òótọ́ wà." Mo ní, ta ló rí i? Ó ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun ni. Mo mú ọ̀pá mi, mo rìn dé ẹnu géètì. Oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ń bọ̀ láti Shango nínú ìlú.

"Sannu. Yaya gari?" Mo bi í bí ìlú ṣe rí.

"Lafiya lau, Mama. Oòrùn nìkan ló ń pa wá."

Ọmọbìnrin tó ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ yẹn rò pé bí òun bá ti kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó tán. Ìyá àgbà tó dúró lẹ́nu géètì mọ̀ pé ó ṣì ku kí èèyàn rìn dé ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn ló sì yá ju tèmi lọ. Agogo bàbá mi, tí mo tú lára kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wà lára òpó géètì mi níbẹ̀. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo tẹ̀ ẹ́: kirin-kirin. Ọmọ mi mọ ìtàn agogo náà. Èémí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ láti Ìbàdàn, ó dún gẹ́lẹ́ bíi ti ìyá mi lọ́jọ́ yẹn.