Ọ̀mọ̀wé Inú Ìwé àti Oṣù Tí A Kò Rí

Nígbà tí a sin ẹ̀gbọ́n mi nílùú Tchamba, àwọn tó kọ́ níwèé níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kì í kọ́ni ní ohunkóhun láìfi kún un pé, "Ó ṣeé ṣe kí n ṣì í o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Orúkọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ṣì ń tì mí.

Sokodé ló ti ń lọ sí lísè, ilé ìwé gíga àwọn Faransé, ilé àǹtí wa tó ń tajà ní àdúgbò Komah níbẹ̀ ló ń gbé. Nígbà ìsinmi kan ló mú ìwé Faransé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya bọ̀ wá bá wa ní Kambolé, ìlú wa. Bí a bá ń yin àgbàdo, yóò máa kà á, yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀. Ìtàn àwọn arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ wọn rì ni. Ọ̀mọ̀wé arúgbó kan wà láàárín wọn. Ebi fẹ́ẹ̀ pa wọ́n kú, wọ́n rí ẹyẹ kan mú, ọ̀mọ̀wé ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún kí òun tó yàwòrán rẹ̀ tán.

Ìyá wa ní, "Ta ló ń fọ aṣọ fún bàbá yìí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní bí ọkùnrin náà bá ti wo ojú ọ̀run tó sì ṣírò, ohun tó bá sọ kì í yẹ̀. Láti ìgbà náà ni òun náà ti ń wo ọ̀run, tí oúnjẹ rẹ̀ ń tutù.

Bàbá wa ni ládàánì mọ́sálásí wa, ohùn rẹ̀ tó fi ń pe ìrun ni gbogbo Kambolé mọ̀. Kò lọ ilé ìwé rí, kò sì sí ohun tó fi ń yangàn tó ọmọ rẹ̀ yìí.

Nígbà tí ààwẹ̀ pé ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kùrukùru bo ìwọ̀ oòrùn, a kò rí oṣù. Lèmọ́mù ní kí a gba ààwẹ̀ náà pé ọgbọ̀n ọjọ́. A tan rédíò bóyá wọ́n rí i níbòmíràn, ìrìn àjò Ààrẹ ni wọ́n ń ròyìn títí bátìrì fi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi bá ní, "Bàbá, oṣù ti lé. Ẹ̀yìn kùrukùru ló wà, mo ti ṣírò rẹ̀. Ọ̀la ni ọdún. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Bàbá ní, "Ó dá ọ lójú?"

"Bó ṣe dá mi lójú pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a mu ẹ̀kọ, a wọ aṣọ funfun, a forí lé yìdì, pápá tí a ti ń kírun ọdún. Àwọn èèyàn ń lọ sóko, ọkọ́ léjìká, ètè wọn gbẹ. Aládùúgbò wa kan dúró, ó wo ẹnu mi tí ẹ̀kọ ṣì lẹ̀ mọ́.

"Bàbá Ládàánì, oṣù tiyín ti lé ni? Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ fi tiwa sí?"

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ọdún àwọn alákọ̀wé ni wọ́n ń ṣe."

Bàbá kò padà. Ewúrẹ́ nìkan la bá ní yìdì. Bàbá ló síwájú wa kírun.

Nírọ̀lẹ́, ojú ọ̀run mọ́. Oṣù yọ tín-ín-rín, ó rẹlẹ̀, kò pẹ́ tó fi wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀.

"Oṣù ọjọ́ kan nìyí. Ká ní ó ti lé lánàá ni, ì bá ga jù báyìí lọ," ó ní. "Èmi ni mo ṣì í."

Bàbá bi í pé, "Ọ̀mọ̀wé inú ìwé yẹn, ṣé òun náà máa ń ṣì í?"

"Rárá, Bàbá."

"Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú ìwé."

Ìyá wa tún gbé aṣọ sómi, torí eruku yìdì ti pọ́n ọn. Ní àsubáà ọdún gangan, ohùn ẹlòmíràn la gbọ́ láti mọ́sálásí. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti gba ìpè ìrun lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá fetí sí i títí ó fi parí, ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀wù rẹ̀ lórí okùn. Kò tíì gbẹ. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí ní yìdì. Láàárín àwọn obìnrin tí mo wà, mo rí i bí ẹ̀wù náà ṣe lẹ̀ mọ́ ọn lára, mo sì rí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó di etí ẹ̀wù náà mú, tó ń fún omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí ilẹ̀.