Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Tó Wà Nínú Yàrá Àfẹ́sọ́nà

Òórùn yàrá ọmọkùnrin náà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ó dà bí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, tí ẹnì kan wá da epo bẹntiróòlù lé lórí, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí mo dúró sí, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá yàrá tí yóò háyà. Irọ́ gbáà ni. Mo ní ilé tèmi ní Kàbà níhìn-ín, mo sì ní oko iṣu lọ́nà Òkè-Bùkún. Ìwádìí ni mo wá ṣe, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ló fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ìgbà náà ni Ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin kẹ́rù wọn máa bọ̀ nílé. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń já bẹ́ẹ̀dì àti fáànù sílẹ̀ lójú títì wa. Ọmọkùnrin náà bá wọn dé. Ọmọ ìlú Amuro ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ya àwòrán ilé. Kò pẹ́ tó dé tó fi rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń ránṣọ, ló bá ní òun ti rí aya. Bàbá ọmọ náà ti kú, èmi ni mo dúró bíi bàbá fún un. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí: ṣé wèrè kò sí nílé wọn, ṣé wọn kì í jalè, ṣé ọkùnrin náà kò fi ìyàwó kan pamọ́ síbi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, ohun tí o bá sọ la ó ṣe. Tí o bá ní kò dára, kò dára náà nìyẹn." Ọmọ náà kàn ń wò mí bí ewúrẹ́ ṣe ń wo ẹni tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Amuro ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ilé tó dára ni. Kò sí wèrè, kò sí olè, bàbá rẹ̀ tó ti kú sì jẹ́ ẹni iyì nínú ìjọ. Bí wọ́n ṣe ń yìn wọ́n tó ni ara ń fu mí tó. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń mu oògùn náà láti kékeré. N kò tíì rí ilé tí kò ní àléébù rí. Èyí tí wọ́n bá ní kò ní, inú àká ni wọ́n kó o pamọ́ sí. Ìdí tí mo fi padà wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn olóòórùn yẹn nìyẹn. Ìyá onílé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gé ilá, mo sì kí i bí a ṣe ń kíra lọ́dọ̀ wa.

"Okun o, Ìyá. Ṣé yàrá wà?"

"Okun. Kò sí yàrá o, àfi tí eléyìí bá kó jáde." Ó fi ẹnu júwe ilẹ̀kùn náà. "Kì í pariwo, kì í kó obìnrin wálé, á dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ń fi ìgbálẹ̀ mi ṣe?"

"Ìgbálẹ̀ kẹ̀?"

"Á yọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á mú un wọlé, a ò sì ní rí i mọ́. Kì í ṣe pé ó ń fi gbálẹ̀! Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á ṣà á. Ọ̀pá báírò tí àwọn ọmọ iléèwé sọ nù, á ṣà á. Àgbà ni yín, ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

Mo ní n kò gbọ́ ọ rí. Títí mo fi délé ni mò ń rò ó. Oògùn owó ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n n kò mọ oògùn owó tí wọ́n ń fi ọ̀pá báírò ṣe. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni mo rí, mo ní mo ṣì ń wò ó. Mo sọ ọ́ bí ọlọ́gbọ́n. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Nígbà kejì, ọ̀sán ọyẹ́ ni, ìyá onílé ti lọ sọ́jà. Fèrèsé onípákó rẹ̀ wà ní títì, àmọ́ pákó náà ti là díẹ̀, mo bá fi ojú kan sí i. Ọmọkùnrin náà jókòó ti tábìlì, ó tan àbẹ́là síwájú. Ó ń fi abẹ́rẹ́ sínú iná, tó bá ti pọ́n, á fi lu ihò sára nǹkan kan tó láwọ̀ eérú, tó sì gùn tó àgbò tó dùbúlẹ̀. Wáyà ń jáde nínú ikùn nǹkan náà. Mo rí bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tò pọ̀. Ayé ológun là ń jẹ nígbà náà o, a sì ti gbọ́ lórí rédíò pé ẹlòmíràn ṣí páálí kan báyìí, ó sì bú gbàù. Bí ọmọkùnrin náà ṣe fi wáyà kan ẹnu bátìrì nìyẹn, gbogbo ihò náà tan iná wìnìwìnì.

Mo sá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, èmi tí kì í sì ṣe arọ rèé, mo fò kọjá àwo ilá tí ìyá onílé sá sóòrùn, mo ti dé ìdí igi máńgòrò kí n tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni bàtà wà. Ìkejì ti ṣẹ́kù sábẹ́ fèrèsé. Mo wò ó láti òkèèrè, kò sì sí ohun tó lè mú mi padà lọ gbé e.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdána ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yóò sunkún. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ilé sì gbaná, ta ni wọn yóò mú? Mo padà lọ. Kí n tó kan ilẹ̀kùn ni ọmọkùnrin náà ti ṣí i. Bàtà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti nù ún mọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ wọlé, bàtà yín nìyí."

Mo wọ bàtà, mo wọlé.

Ó fi páálí kan hàn mí. Àwòrán ọkọ̀ ńlá kan wà lára rẹ̀, kò ní táyà, kò ní ìyẹ́ bíi ti bààlú, àárín ìràwọ̀ ló wà. Ó ní ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ọkàn rò ni, tí èèyàn lè gbé lọ sí ayé mìíràn, pé ọ̀gá òyìnbó kan ní Ìlọrin ló fi páálí náà sílẹ̀ fún òun nígbà tó ń lọ sílé. Wẹ́wẹ́ ló wà nínú páálí, bí egungun ẹja, ẹni tó bá rà á ni yóò fi àtè olóòórùn yẹn lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìwọ̀nba ló tẹ̀ lé ìwé tó bá a wá, ìyókù ló yí padà fúnra rẹ̀. Ìdérí ọtí ló fi ṣe ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá báírò ló fi ṣe páìpù tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ibọn tó bá a wá, ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣe òpó rédíò dípò rẹ̀. Ihò tó ń fi abẹ́rẹ́ lu, fèrèsé ni. Gílóòbù kékeré ló wà nínú.

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, sà."

"Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Mi ò tà á, sà."

"Ṣé yóò fò?"

"Kò lè fò láéláé, sà."

Ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ bọ́ǹbù ni, ẹjọ́ ọlọ́pàá ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wí fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọkùnrin tó hu irùngbọ̀n, tó ń gba owó oṣù ìjọba, ohun ìṣeré ló ń tilẹ̀kùn ṣe? Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi dágbére, ló bá na apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ sí mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú síbí kó fi gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó yẹ̀."

Báyìí ni oníwàádìí di ẹlẹ́wọ̀n àtè. Mo tẹ̀ síwájú, mo di apá ọkọ̀ mú, n kò lè lọ, n kò lè họra. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ló bá ní, "Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, tí nǹkan bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Ta ló sọ fún ọ pé…"

"Èjí yín ni, sà. Irú rẹ̀ gan-an ló wà lẹ́nu tirẹ̀."

Mo ta gìrì. Ni apá náà bá ṣẹ́ sí mi lọ́wọ́, páì!

Mo wo ojú ọmọkùnrin náà, torí pé ojú yẹn gan-an ni mo ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí, ojú tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe sílẹ̀ fún àlejò. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Ó pa ojú dé, ó mí kanlẹ̀, ó mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó gba èyí tó ṣẹ́, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ gé e.

"Nílé wa, Bàbá, tí àwo bá fọ́, gbogbo wa la máa ń sá síta. Ìyá mi ló máa ń sá gbẹ̀yìn, òun ni ọwọ́ bàbá mi sì máa ń bà."

"Wọn ò sọ ìyẹn fún mi ní Amuro."

"Wọn ò ní sọ ọ́, sà." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi lórí tábìlì. "Ọwọ́ bàbá mi ni ọwọ́ mi yìí. Mo ń kọ́ ọ ní sùúrù ni."

Mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó dá a lóhùn ohun tó bi mí. Mo ní nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, ó fọ́ ìkòkò omi ìyá rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí, kó tó wá sunkún, kò sì sẹ́ni tó lè nà án nínú wa mọ́. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé òun náà ti ń ṣe ìwádìí tirẹ̀, ẹ̀rù wa sì ń bà á bí tirẹ̀ ṣe ń bà mí.

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò bu iyọ̀ sí i.

"Ọkọ̀ wo ló ń kàn?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mọ́tò?"

"Kò ní táyà."

"Kí ló wá fẹ́ fi ṣe?"

Mo sọ ti bàbá rẹ̀ fún un, mo sọ ti ọwọ́ tó ń kọ́ ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ gbọ́ ohun tí bàbá rẹ ń sọ?"

"Ó ti sọ fún mi kó tó sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, Màmá."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọn aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí ilé bàbá rẹ̀ fún ọ̀tá tó wá yọjú lójú fèrèsé, kí la tún ń wádìí? Ẹ jẹ́ kó wá."

Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń gbé báyìí, àwọn ọmọ wọn ti ń ga jù mí lọ. N kò gbọ́ ọ rí pé ọmọ wa sá síta. Mo ti ṣe ìwádìí fún àwọn mìíràn láti ìgbà náà, mo sì ti mọ̀ pé ohun tí a ń fura sí kì í sábà jẹ́ ohun tó yẹ ká bẹ̀rù. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù a máa jókòó láàárín ìyìn, ní ilé tí gbogbo èèyàn ní ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan kò tíì yé mi. Apá tó nípọn pọ̀ lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ ni ọmọkùnrin náà yàn fi sí mi lọ́wọ́, ìgbà tí mo sì dì í mú tán ló tó bi mí ní ìbéèrè tó lè mú èèyàn ta gìrì. Mo bi í bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó ṣẹ́ ni, nígbà tí mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́ iyán síwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹun kó má tutù." Mo jẹun. Iyán náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbé ojú kúrò lára ọkùnrin náà.