Gíláàsì Tó Sán ní Ẹ̀gbẹ́ Tèmi

Òkúta tó ba gíláàsì iwájú mọ́tò wa jẹ́ kò tóbi ju hóró ẹ̀gúsí lọ. Abẹ́ táyà tírélà kan ló ti fò jáde lójú ọ̀nà Òkìtìpupa sí Igbókòdá. Ó dún "tá!" bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta awo, ó sì fi àmì kan sílẹ̀ níwájú mi gan-an, níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi tó ń wa mọ́tò. Àmì náà rí róbótó, ó funfun láàárín, bí ojú ẹja tó ti jinná. Ọkọ mi na ọrùn wò ó.

"Kò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ tìrẹ ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́, kí ẹ má baà ṣì í dá lẹ́jọ́. Ará Èkìtì ni, olùkọ́ ìṣirò sì ni. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Tíṣà, títí kan èmi ìyàwó rẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ń jẹ ẹja láìbẹ̀rù egungun mọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ńṣe ni yóò fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, yóò sì dákẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé wá sí ìdánwò. Lórí omi, èmi ni ọ̀gá. Lórí ilẹ̀, òun ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ ọ́ jáde rí, ṣùgbọ́n orí àdéhùn yẹn la gbé ilé wa lé.

Síbẹ̀, mo ní iṣẹ́ tèmi nínú mọ́tò. Awoye, abúlé Ìlàjẹ kan létí òkun, ni wọ́n bí mi sí, apẹja sì ni bàbá mi. Lọ́dọ̀ wa, àgbà tó ń tukọ̀ ló ń jókòó sẹ́yìn. Ọmọdé ló ń jókòó síwájú, níbi tí ọkọ̀ ti ṣe ṣóńṣó, òun ni yóò máa wo ohun tó ń bọ̀. Kùkùté igi tó fara pamọ́ sábẹ́ omi, àwọ̀n tí ẹlòmíràn dẹ, ewé tó ń léfòó tó fẹ́ wé mọ́ àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀: ọmọ iwájú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, òun ló sì gbọ́dọ̀ ké. Ẹni ẹ̀yìn kì í bá a jiyàn. Èmi ni mo ń wo iwájú fún bàbá mi títí mo fi lọ sí ilé ìwé olùkọ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ Tíṣà, mo kàn gbé iṣẹ́ náà wọ inú mọ́tò rẹ̀ ni.

"Kòtò lọ́tùn-ún! Ewúrẹ́! Ọ̀kadà ń bọ̀ lẹ́yìn igi yẹn o!"

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ní kí n dákẹ́. Lọ́dún kejì, òun fúnra rẹ̀ ló dákẹ́. Láti ìgbà náà, n kò rò pé ọkùnrin yìí tún fi ojú ara rẹ̀ wá kòtò kankan.

Ọkùnrin kan wà ní Òkìtìpupa, níbi tí à ń gbé, tó ń tún gíláàsì mọ́tò ṣe. Ó wo ojú ẹja náà, ó ní òun lè fi abẹ́rẹ́ ki gọ́ọ̀mù bọ inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó tó di nǹkan ńlá. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní a óò padà wá. Bí ọkọ mi bá ti ní òun ń padà bọ̀, kí oníṣẹ́ yáa palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ojú ẹja náà bá wa gbé pẹ̀lú sùúrù, títí di ọjọ́ kan tí a gbé mọ́tò sínú oòrùn létí omi ní Igbókòdá. Nígbà tí a dé láti ìdí ẹja tí a lọ rà, iyọ̀ tí atẹ́gùn gbé wá láti òkun ti bo gíláàsì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan irin mọ́tò náà á yára mú un kúrò. Tíṣà, tó jẹ́ pé ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, bu omi láti inú kúlà tí yìnyín ẹja wà nínú rẹ̀, ó sì dà á sí gíláàsì yàà.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ojú ẹja na apá. Ìlà kan sáré jáde láti ibi àmì náà, ó rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ sí àárín, ó sì dúró lábẹ́ jígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wọn ibi tí ìlà náà parí sí. "O rí i?" ló wí, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. "Kò wọ ẹ̀gbẹ́ tèmi."

A gbé e padà sọ́dọ̀ onígíláàsì. Ó mi orí bíi dókítà.

"Ọ̀gá, ó ti kọjá ti tẹ́lẹ̀ o. Mo lè lu ihò kékeré sí ìparí ìlà yìí, kó má baà sáré mọ́, kí n wá kún un ní gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n àpá á wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ àpá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Tókúnbọ̀ wà ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n á bá mi gbé e wá."

"Kún un," Tíṣà wí.

"Pààrọ̀ rẹ̀," èmi náà wí.

Onígíláàsì wo òun, ó wo èmi. "Àǹtí, Ọ̀gá, ẹ ṣe mítíìnì yín, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná."

Mítíìnì náà kò pẹ́. Tíṣà ní èyí tó pọ̀ jù nínú gíláàsì náà ló mọ́ kedere, apá kékeré ló sán, apá kékeré náà kò sì sí níwájú ẹni tó ń wa mọ́tò. "Ìyá Ìbejì, ẹni tó ń wa mọ́tò ló yẹ kó ríran. Ìwọ, jíjókòó lo jókòó." Bí ó ṣe wí i nìyẹn, lójú onígíláàsì, Tíṣà tó jẹ́ pé láìsí ẹnu mi, ì bá ti gbé mọ́tò yẹn wọ gbogbo kòtò tó wà láti ibí dé etí omi.

Wọ́n kún un. Iṣẹ́ náà dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìlà náà kò sáré mọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kọ lù ú, nǹkan gbogbo tó wà níwájú mi ń di méjì. Ewúrẹ́ kan á ní ìkejì. Ọ̀kadà á mú àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Mo sọ fún Tíṣà pé kí ó yà fún ewúrẹ́ kan tí kò sí, ó yà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá èyí tó wà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kí ó dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì jókòó síbẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wà á lọ. Jíjókòó ni mo jókòó."

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti di dẹ́rẹ́bà mi. Àwọn ọlọ́kadà oríta wa kò jẹ́ kó sinmi. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o! Màdáàmù ò ní wá ẹlòmíì báyìí?" Èmi á fi ọwọ́ kí wọn díẹ̀díẹ̀, bí ìyàwó gómìnà. A ń já sí kòtò, mo ń wo ojú fèrèsé, n kò fọhùn.

Nǹkan tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kúrò ní eré ni bàbá mi.

Òkun ń jẹ ilẹ̀ ní Awoye. Ilé ìdáná bàbá mi ti lọ, ilé aládùúgbò rẹ̀ méjì ti lọ, omi sì ti dé ìdí òpó ilé tó ń sùn sí. Gbogbo wa mọ̀ pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí òkun sì ru, ilé náà lè má dúró. A ti tún yàrá kan ṣe fún un ní Òkìtìpupa. Bàbá mi kò kọ̀ rí. Ó kàn máa ń sún un síwájú: àwọ̀n kan ń bẹ tí òun fẹ́ parí, adìyẹ kan ń sàba. Nígbà tó wá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, mo ní kí Tíṣà fọ mọ́tò, omi gbígbóná ni o.

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ létí omi Igbókòdá pẹ̀lú àpò kan àti àjẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì padà sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, ní ààyè tí mo ti gbà. Tíṣà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣí ìlẹ̀kùn iwájú fún àna rẹ̀, kí ó lè jókòó síbi ọlá.

Bàbá mi kò wọlé. Ó wo gíláàsì. Ó fi àtàǹpàkò rìn lórí ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wò mí níbi tí mo wà lẹ́yìn. Èdè Ìlàjẹ ló sọ. Mo ń tún un sọ níbí lọ́nà tí yóò fi yé Tíṣà pàápàá.

"Ta ní ń wo iwájú?"

"Èmi ni, Bàbá," Tíṣà dáhùn.

"Ìwọ lò ń wà á. Mo ní ta ní ń wo iwájú?"

"Wọ́n ti tún un ṣe, Bàbá. Kò lè fọ́ mọ́."

Bàbá mi gbé àpò àti àjẹ̀ rẹ̀. Kò bínú, ẹni tó ń bínú kì í rìn pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé e wá ń kó ẹrù ìpadà lọ́wọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?" ọlọ́kọ̀ béèrè.

"Èmi kọ́," bàbá mi wí. "Àwọn ni."

Ó sì padà sí Awoye.

A gbé mọ́tò jáde ní Igbókòdá. Nígbà tó yá, Tíṣà ní, "Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni? Iwájú ni mo fi wọ́n sí o."

"Ẹni tó ti ń tukọ̀ láti kékeré títí tó fi hu ewú, ẹ ní kó wá jókòó síbi ọmọdé. Lẹ́yìn gíláàsì tó sán. Ọmọ tó yẹ kó máa wo iwájú fún un wà lẹ́yìn, ó ká apá jọ. Kí ni ẹ fẹ́ kó rò nípa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Tíṣà yí ọrùn wò mí. "Ìyẹn ni pé, bí o bá padà síwájú, wọ́n á wá?"

"Bí mo bá padà síwájú, kí ni kí n máa wò? Ewúrẹ́ méjì tó jẹ́ ẹyọ kan?"

Ó fẹ́ fèsì. Kòtò ńlá kan gba èsì náà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé mọ́tò lọ bá onígíláàsì. N kò bá a lọ; ó yẹ kí ọkùnrin ní ibì kan tó ti lè yí èrò padà láìsí ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀. Gíláàsì tókúnbọ̀ náà ti Ọ̀rẹ̀ wá nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà ní igun rẹ̀, ẹyẹ kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà. Onígíláàsì ní kí a má gbá ìlẹ̀kùn títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Tíṣà ń ti ìlẹ̀kùn mọ́tò bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Èyí tó sán, ó gbé e wálé, ó fi ti ẹ̀yìn ilé. Ó ní ó ṣì wúlò, pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́ kedere.

A kò ránṣẹ́ sí bàbá mi. A lọ. Ojú ọ̀run ti ń dúdú lápá òkun, Tíṣà sì di etí ọkọ̀ mú láti Igbókòdá dé Awoye láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Omi ti wọ abẹ́ ilé. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó gba ìkíni wa. Lẹ́yìn náà, ó wò mí.

"Níbo lo jókòó sí nínú mọ́tò nígbà tí ẹ ń bọ̀ létí omi?"

"Iwájú, Bàbá."

Ó gé òwú ìdí àwọ̀n náà, ó dìde. Àpò rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Kò tú u láti ọjọ́ tó ti padà.

Ní Igbókòdá, Tíṣà dúró ti mọ́tò bí ẹni tó ń dúró de máàkì. Bàbá mi fi ìka kan gíláàsì, ó ní ó mọ́. Ó tún wo ẹyẹ inú igun náà.

"Àmì ta nìyí?"

"Ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni, Bàbá. N óò yọ ọ́ kúrò."

"Fi í sílẹ̀. Ó ti rìnnà ju ìwọ lọ."

Mo wọlé síwájú. Bàbá mi wọlé sẹ́yìn, ó jókòó sí àárín gbùngbùn. Àjẹ̀ rẹ̀ kò gba inú búùtù, ó sì ní òun kò ní so ó mọ́ orí mọ́tò bí igi ìdáná, nítorí náà ó gbé e gba àárín èmi àti Tíṣà kọjá. Ẹnu àjẹ̀ náà kan ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi. Ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá mi.

"Kòtò lọ́tùn-ún," mo wí. Tíṣà yà. Mo rí i pé àjẹ̀ náà yí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ewúrẹ́. Ẹyọ kan ni."

"Mo gbọ́," Tíṣà wí.

"Àna mi," bàbá mi wí, "o máa ń gbọ́ràn báyìí?"

"Wọ́n kọ́ mi ni, Bàbá."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán kí a tó jìnnà sí Igbókòdá, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, lẹ́yìn náà ó dé ṣìn-ìn. Tíṣà tan wáípà. Láti ẹ̀yìn, bàbá mi béèrè ohun tí mo ń rí, mo sì ń sọ ọ́ fún un.