Ìbò Tí Wọ́n Dì Nígbà Tí A Wà ní Jímọ̀

Ọdún tí àwa ará Èkó bọ́ ìbòmú kòrónà sọnù ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọ̀wọ́ àwa aránṣọ, lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá. Kò tíì pẹ́ rárá, síbẹ̀ wọ́n ti ń yí i padà lójú mi. Níbi fídáù Sìdíkátù, aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, Mudaṣíírù tí a ń pè ní Múdà gba máìkì, ó ní òun àti olóògbé ni wọ́n jọ ja ìjà ọ̀wọ́ aránṣọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa sì pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fi oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi sílẹ̀, mo dìde. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìlà ìsọ̀ méjì tó kọjú síra ni ọ̀wọ́ wa nígbà náà. Ìlà kan fara ti ògiri, ìkejì wà létí gọ́tà. Ẹ̀bá ògiri ni èmi àti Sìdíkátù wà, ẹ̀rọ tèmi kángun sí tirẹ̀. Jìnádù wà ní òdìkejì, létí gọ́tà. A ní àṣà kan tí a bá lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́. Bí o bá fẹ́ lọ kírun tàbí lọ ra òwú, wàá sọ fún aládùúgbò rẹ pé, “Bá mi wo ìsọ̀.” Láti ìgbà náà títí o ó fi dé, òun ni ọwọ́ rẹ àti ẹnu rẹ. Yóò gba aṣọ oníbàárà, yóò wọn ọmọ ènìyàn, yóò dá ẹni tó bá béèrè rẹ lóhùn. Mi ò gbọ́ rí pé ẹnì kan fi da ẹnì kan.

Nígbà tó di pé ká yan olórí, Sìdíkátù jáde, Mudaṣíírù náà jáde. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí Múdà ń wá. Kọ́ńtírakítọ̀ kan fẹ́ wó ọ̀wọ́ wa kó fi kọ́ pílásà, ọwọ́ olórí ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí ìsọ̀ iwájú fún Múdà. A fẹnu kò pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni kálukú yóò tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, àwọn ènìyàn Múdà kún fún ọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wá bá mi: “Bọ̀dá Làmídì, ẹ tètè máa lọ kí ẹ lè rí iwájú jókòó sí. Mo bá yín wo ìsọ̀.” Mo ṣàdúrà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí gbogbo ọ̀wọ́ ká. Múdà fúnra rẹ̀ kò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní inú ń run òun.

Nígbà tí a fi máa gbé ẹní ìkírun wa dé, wọ́n ti tò sẹ́yìn Múdà, ó ti di olórí. Wọ́n ní ẹni tó dúró ti dúró fún ara rẹ̀, ó sì ti dúró fún ẹni tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún un.

“Ṣebí àṣà yín ni,” Múdà wí. “Ṣé ẹni tó ń wo ìsọ̀ yín kọ́ ni ẹnu yín ni?”

Sìdíkátù, tí a ń pè ní Ìyá Ramọ́, wà lórí ìdúró níbẹ̀, téèpù lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Àwọn kan ní kí n wo ìsọ̀ àwọn lónìí. Ẹni tó ní kí n wo ẹ̀rọ òun kò ní kí n ta òun.”

Múdà dá a lóhùn: “Ìyá Ramọ́, ẹ máa lọ rán aṣọ yín. Ìbò ti parí.”

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Jìnádù dá lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti fẹ́ buwọ́ lu ìwé kọ́ńtírakítọ̀ náà, nítòsí Tinúbú, ó ní òun máa dáná sun ún. Rábíù, arúgbó ọ̀wọ́ wa, dá lọ lọ́jọ́ kejì lọ bẹ̀ wọ́n fún owó gbà-má-bínú. Ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín: “Ẹ lọ mọ ohun tí ẹ ń sọ, kí ẹ tó padà wá.” Níbi tí a ti ń sá kiri báyìí ni katapílà fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wó gbogbo ìlà etí gọ́tà.

Ẹ máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ta ló ti sọ fún yín rí bí wọ́n ṣe ń gbá ọwọ́ jọ? Igbe kọ́ ni wọ́n fi ń gbá a jọ. Àáràárọ̀ ni Sìdíkátù fi gbá tiwa jọ. Orí àwókù yẹn ló dúró sí tó fi sọ pé, “Láti ọ̀la lọ, kí ẹnikẹ́ni tó ti òwú bọ abẹ́rẹ́, gbogbo wa máa kọ́kọ́ dúró níta, ká wo ojú ara wa.”

Jìnádù gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ṣé ojú tèmi ló máa kọ́ ìsọ̀ mi padà ni?”

“Jìnádù, o já ọ̀rọ̀ mi gbà. Ìwọ lo máa gbálẹ̀ lọ́la.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, nínú eruku yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló di òfin. Ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn ni yóò gbá ọ̀wọ́ lọ́jọ́ kejì. Jìnádù gbálẹ̀ débi tó fi ní ká kúkú fi òun joyè Olórí Ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá kẹ́yìn dé ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá pẹ́ dé kì í rò, á kàn ní ohun tí àwọn yòókù ti sọ náà ni tòun. Ẹnì kan kì í dá lọ sí ọ́fíìsì. Méjì ló ń lọ, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún gbogbo wa kí wọ́n tó jókòó ti ẹ̀rọ. Èyí tó ká Múdà lára jù ni pé a yọ ẹnu kúrò lára ìsọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún òun, á sọ ọ́ lójú gbogbo wa, á sì sọ ohun tí yóò bá òun sọ.

Ó sú wa. Ó dà bí eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Jìnádù gan-an á na ọwọ́ sókè, á gé ètè jẹ, á dúró de ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kó parí.

Lọ́jọ́ tí gbogbo wa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Tinúbú, téèpù lọ́rùn kálukú, èmi àti Sìdíkátù ni ẹnu ọ̀wọ́. Ọ̀gá ọ́fíìsì jáde sí wa. Ó ní, “Bàbá nìkan ni kó wọlé. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Èmi nìkan kì í wọlé.”

Ó rántí ojú Jìnádù, ó yí sí i. “Ìwọ, ìsọ̀ rẹ ni wọ́n wó, àbí? Kí lo fẹ́? Sọ tìẹ, a ó ṣe é fún ọ.”

Ìsọ̀ tirẹ̀ ti lọ, tiwa ṣì wà nílẹ̀. Bó bá gbà fún un, ta ni yóò bá a wí? Jìnádù di téèpù ọrùn rẹ̀ mú. Ó ní, “Ẹnu mi wà lọ́wọ́ Ìyá Ramọ́ lónìí, sà. Mo fi lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wọn. Òun ni kí ẹ bi.”

Ọ̀gá náà kò rí ibi tó máa gbà pín wa. Wọ́n dá ìwé tí Múdà buwọ́ lù fún kọ́ńtírakítọ̀ padà. A dìbò mìíràn, ọ̀sán gangan, gbogbo wa wà níbẹ̀. Sìdíkátù wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìlà ara ògiri fi dúró dòní, tí ẹ̀yin fi rí ibi jókòó sí.

Ṣùgbọ́n ìlà etí gọ́tà kò padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ pílásà wà báyìí. Nínú àwọn tó ní ìsọ̀ níbẹ̀, Ìyá Káfáyà padà sí Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ló kú sí. Súlè ń ṣọ́ géètì. Rábíù kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Jìnádù ń gbé ẹ̀rọ léjìká kiri Obalende, ó ń fi sísọ́ọ̀sì kan ara ẹ̀rọ kí àwọn tí aṣọ wọn já lè gbọ́. Múdà wà nínú ìsọ̀ iwájú pílásà tí wọ́n ṣèlérí fún un, nínú atẹ́gùn tútù, ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkan kan. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ti pa ìdúró àárọ̀ rẹ́. Orí fóònù lẹ ti ń dìbò, tí ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́ fún ara rẹ̀, fún ọ̀gá rẹ̀, fún ẹni tó ń sùn. Ohun tí Múdà fi Jímọ̀ ṣe fún wa lẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe fún ara yín. Sìdíkátù sọ ọ́ lórí ibùsùn àìsàn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìsọ̀ rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ ti ń jà lé e lórí, Múdà sì ti ránṣẹ́ pé ọmọ òun nílò rẹ̀. Mo sọ fún Sàdíìkù, alága yín, pé Jìnádù ló ni ín.

Ó ní, “Bàbá, a ó gbé e sórí fóònù, kí kálukú dìbò.”

Mo ní rárá. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè n ó lọ sí Obalende, n ó mú Jìnádù wá, n ó mú un dúró síwájú ìsọ̀ náà, tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀ léjìká. Ẹni tó bá máa sọ pé kò tọ́ sí i, kó jáde síta, kó wo ojú rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.