Aya Sójà àti Fóònù Aláwọ̀ Eérú

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí tọkọtaya ṣe ń tàkúrọ̀sọ, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lọ sílé obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Aya Sójà. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ rẹ̀ ti yàn án lódì. Orí ibùsùn kan náà ni wọ́n ń sùn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ń bù jẹ, àmọ́ ọkùnrin náà kì í bá a sọ gbólóhùn kan. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni ẹnu iṣẹ́, lórí fóònù kan tó láwọ̀ eérú, ọ̀rọ̀ bàálù nìkan ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Fóònù yìí gan-an ni wọ́n wá fẹ́ gbé kúrò.

Iṣẹ́ Aya Sójà ni kó máa darí bàálù láti orí ilẹ̀. Yàrá tí kò ní fèrèsé ló ń jókòó sí, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ò sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò, aṣọ òtútù ni gbogbo wọn ń wọ̀ yípo ọdún. Kọ̀ǹpútà ńlá wà níwájú rẹ̀ tí àwọn bàálù ti ń rìn bí èèrà. Nínú rẹ̀, lápá àríwá, ibì kan wà tí wọ́n fi ìlà yí ká: ti àwọn sójà nìyẹn. Tí bàálù ogun bá ń ṣe ìdánrawò níbẹ̀, bàálù èrò kankan ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀, ńṣe ni yóò yí po. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọn á ṣí i, oníkálùkù á sì gba ọ̀nà tààrà. Ẹni tó ń jókòó ní bárékè, tó ń sọ pé ó ti di títì tàbí pé ó ti ṣí, ọkọ rẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe mọra náà nìyẹn. Ohùn ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wù ú, ó pẹ́ kó tó rí ojú rẹ̀.

Fóònù náà ò ní nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀. Tí o bá ti gbé e, ti bárékè á máa dún. Òfin rẹ̀ ò sì le: ohun tí wọ́n bá sọ fún ẹ, ìwọ náà á wí i tẹ̀lé wọn gẹ́lẹ́ bó ṣe jẹ́, kó lè hàn pé o gbọ́. Tí o bá ṣì í wí, wọn á tún un sọ fún ẹ. Tó bá péye, wọn á dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Wọ́n ń gba ohùn gbogbo sílẹ̀, nítorí náà kò sáàyè àwàdà, "ẹ" ni wọ́n ń lò fọ́mọdé fágbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí fóònù nìkan ni ọkọ ti ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn, torí àbíkẹ́yìn wọn ṣì wà láyé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni gìrì mú ọmọ náà lọ́dọ̀ aládùúgbò tó ń bá wọn mójú tó o. Àwọn tó ń darí bàálù kì í mú fóònù tara wọn wọnú yàrá iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń kó o sí. Bàbá ọmọ ni aládùúgbò rí pè. Bárékè jìnnà, ibi iṣẹ́ ìyá ò sì jìnnà sílé rárá, ọwọ́ ìyá náà ni mọ́tò tiẹ̀ wà. Ni ọkùnrin náà bá ṣe ohun tí kò ṣe rí, ó gbé fóònù aláwọ̀ eérú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti apá àríwá pa ni, bàálù ti há síwájú ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ bàálù kan sì ń ké pé epo òun ń lọ sílẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe gbọ́ "Ọmọ" báyìí, ó rò pé àríyànjiyàn àárọ̀ ni, ti pé ta ni yóò lọ mú ọmọ wálé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi," ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó tún dún, kò dá a lóhùn títí ó fi kó gbogbo bàálù náà síbi tó yẹ.

Gbogbo bàálù náà ló gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ yìn ín níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìgbà tí yóò fi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí yóò fi dé ọsibítù, wọ́n ti faṣọ bo ọmọ rẹ̀ lójú. Dókítà ní bó tiẹ̀ tètè dé, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ náà ì bá yè. Aya Sójà gbìyànjú láti rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò gbé èèyàn ró. Ta ni yóò gbé ró?

Ọkọ rẹ̀ ò bú u, ọkọ rẹ̀ ò lù ú. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bú u. Ó kàn pa ẹnu dé ni. Àkọ́bí wọn obìnrin ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu eléyìí sọ fún tọ̀hún, títí òun náà fi wọ yunifásítì, tí kẹ́kẹ́ wá pa mọ́ àtiòro lẹ́nu nínú ilé. Aya Sójà kúnlẹ̀, ó sunkún, ó lọ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá bá a bẹ̀bẹ̀. Ọkùnrin náà á gbọ́ tán, á dìde, á lọ máa fọ mọ́tò tí kò dọ̀tí.

Ó wá ku fóònù. Tó bá di àárọ̀, á gbọ́ ọ: "Ẹ káàárọ̀. Apá àríwá ti di títì." Òun náà á wí i tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ohun tó gbé obìnrin yìí dúró fún ọdún mẹ́rin kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, á mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í wí, kí ọkọ rẹ̀ lè tún un sọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé etí rẹ̀ ti ń di.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá kó wọn jọ pé kọ̀ǹpútà tuntun ti dé. Sójà á tẹ bọ́tìnnì ní bárékè, apá àríwá á pọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ó ti di títì nìyẹn. Á tún un tẹ̀, pípọ́n náà á lọ. Ẹnikẹ́ni ò ní máa pe ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Aya Sójà bá wọn pa á, ó wá lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n máa lo fóònù náà kẹ́yìn, ó dún. Ọkọ rẹ̀ ni.

"Ẹ káàsán. Apá àríwá ti ṣí. Ẹ lè máa gbà á."

Ó wí i tẹ̀lé e, kò ṣì í wí. Ọkọ rẹ̀ dákẹ́. Aya Sójà mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn, ó mọ̀ pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń gbọ́, kò kà á sí mọ́.

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ sọ ọ́."

"Mo gbọ́ 'Ọmọ' lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí. Àga kan dún lẹ́yìn rẹ̀ ní bárékè. Obìnrin náà fọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ fọhùn, ohùn iṣẹ́ náà ló fi sọ ọ́, kò yára, kò falẹ̀:

"Ẹ gbọ́ 'Ọmọ' lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ní kí n dárí jì yín."

Aya Sójà dúró de èyí tó kù, bóyá á ní òun ti dárí jì í. Kò sí èyí tó kù. Ó wá ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣì í wí, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ kan péré, kó lè tún un sọ fún un, kò rí. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Awakọ̀ kan ti ń béèrè bóyá òun lè gba apá àríwá, Aya Sójà sì gbé fóònù náà sílẹ̀ kó lè dá a lóhùn.