Àga Tó Gba Ẹ̀gbẹ́ Ògiri Ìyáálé Gòkè

Àtinúkẹ́, ìyáálé ilé Bámigbóyè ní Ìkẹ́rẹ́, kì í ṣe òjòwú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì rí ẹni tó bá a sọ ọ́.

Ọdún kejì tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni àga kan ti Lọndọn dé sí ilé náà. Orogún rẹ̀, Àmọ̀kẹ́, ni wọ́n gbé e wá fún. Ìgbà yẹn, kálukú ló ń gba ìpínlẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, Àmọ̀kẹ́ náà sì gba tirẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé ọ̀hún. Olóògbé ọkọ wọn ra kòkó títí ó fi kọ́ ọ, ó sì ní kí bíríkìlà ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀ gbọọrọ, kò gbọdọ̀ yà síbì kan, nítorí òkè ló ń kó àpò kòkó sí, alárù kò sì fẹ́ràn kọ́nà. Nígbà tó kú, ẹbí pín ilé ní ìdí-igi: ọwọ́ ọ̀tún fún àwọn ọmọ Àtinúkẹ́, ọwọ́ òsì fún ti Àmọ̀kẹ́, àtẹ̀gùn wà láàárín bí ààlà oko. Wọ́n fi ìsàlẹ̀ háyà fún onífọ́tò àti oníràísì. Òkè ni àwọn opó méjèèjì ń gbé, orúnkún àwọn méjèèjì sì ti bàjẹ́. Orúnkún yìí nìkan ni ohun tí wọ́n jọ ní tí wọn kò jà sí.

Káyọ̀dé, ọmọ Àmọ̀kẹ́ tó ń gbé Lọndọn, ti kọ́kọ́ wá ní Kérésì, ó fi téèpù wọn àtẹ̀gùn látòkè délẹ̀. Àtinúkẹ́ rò pé kápẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ rà, ó sì ti múra láti rí àléébù kápẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ pé àga ni, àga tí ń gun òkè fúnra rẹ̀ lórí irin; pé Káyọ̀dé ti yan èyí tó ṣeé ká mọ́ra, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè ráyè kọjá, tó ní bẹ́líìtì, tó sì ní bátìrì nínú, kí NẸ́PÀ má baà fi ìyá rẹ̀ kọ́ sáàárín òkè òun ilẹ̀.

Àtinúkẹ́ ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó bi Adéwùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ń ṣe tíṣà ní Ìjàn, bóyá ẹfun ìkọ̀wé nìkan ni wọ́n ń rí rà ní Ìjàn. Adéwùmí ní kí Màmá fara balẹ̀, pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa lo àga náà. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn ún jù. Kí ènìyàn máa tọrọ àga gun òkè lọ sínú yàrá ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tò ó, wọ́n rí i pé ọwọ́ òsì kò ní ṣeé ṣe. Ilẹ̀kùn onífọ́tò ṣí sẹ́nu àtẹ̀gùn lápá ibẹ̀, irin yóò dí i. Ó di ọ̀tún.

Ojú Àtinúkẹ́ mọ́lẹ̀ lókè tó jókòó sí. "Ọ̀tún ta ni, Káyọ̀dé?"

"Ọ̀tún yín ni, Màmá àgbà."

"Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kan ìṣó mọ́ ògiri àwọn ọmọ mi."

Ni iṣẹ́ bá dúró. Àmọ̀kẹ́ fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀. Olórí ẹbí wá bẹ̀ ẹ́, ìyàwó pásítọ̀ wá. Àtinúkẹ́ ń fún wọn ní omi tútù, ó ń ní òun yóò rò ó. Láti ìgbà ìsìnkú ọkọ rẹ̀, àlejò kò pọ̀ báyìí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sì kánjú láti rò ó tán.

Káyọ̀dé ló ba ìgbádùn náà jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní irin náà kò kan ògiri rárá. Ẹsẹ̀ ló ní, orí àtẹ̀gùn ni wọn yóò de ẹsẹ̀ ọ̀hún mọ́, àtẹ̀gùn kò sì sí nínú ìpín ẹnì kankan. Àtinúkẹ́ ní òun kò gbà àfi bí òun bá fojú rí i. Nígbà tí wọ́n tò ó tán, ó ní kí wọ́n ki kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì sáàárín irin àti ògiri. Wọ́n fà á látòkè délẹ̀, kò há níbì kankan. 

Wọ́n gbàdúrà lé àga náà lórí nísàlẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ulé yìí. Ẹ gùn ún ṣáájú."

"Olúwa fún mi lẹ́sẹ̀," ni Àtinúkẹ́ wí.

Àmọ̀kẹ́ bá jókòó, ó de bẹ́líìtì, ó tẹ bọ́tìnì. Àga gbéra jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun tí kò fẹ́ lọ. Àtinúkẹ́ rí i pé orí ìyàwó kékeré fẹ́ ga ju ti òun lọ lójú gbogbo ẹbí. Ó fọwọ́ ti ògiri ọwọ́ òsì, ìyẹn ti Àmọ̀kẹ́, ó sì ń gùn. Ó ṣáájú àga dókè. Ó dúró níbẹ̀, òógùn bò ó, ó ní, "Káàbọ̀, ìyàwó. Ọ̀nà jìn o."

Bó ti ń ṣe nìyẹn nígbàkúùgbà tí àga bá ti dún, títí orúnkún fi wú, tó fi di ará òkè pátápátá, tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Èyí kì bá ti burú, bí kì í bá ṣe pé Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ Ìkórè, ilé kọ̀ọ̀kan a máa jó lọ síwájú pẹpẹ, ìyáálé ló sì máa ń ṣáájú. Bí ìyáálé kò bá wá, ìyàwó ni.

Láàárọ̀ Ìkórè, ó jókòó lókè nínú aṣọ òkè rẹ̀, ó ń gbọ́ bí àga ṣe ń gbé Àmọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ń fojú inú wo Àmọ̀kẹ́ níwájú pẹpẹ. Àga tún dún. Ó ń padà bọ̀, òfìfo, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ látìsàlẹ̀: "Ìyá mi, n kò ní ṣáájú yín jó. Ẹ máa bọ̀."

Àtinúkẹ́ wo àga, ó wo orúnkún rẹ̀. Ó jókòó. Ó de bẹ́líìtì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri rẹ̀, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí ó fi délẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tó ti ṣáájú jó, ìyàwó pásítọ̀ béèrè bó ti ṣe sọ̀ kalẹ̀.

"Ògiri mi ni mo dì mú," ni ó wí. "Wọ́n kàn gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni."